Ta ni Táyé, ta ni Kẹ́hìndé nínú kọ̀ǹpútà?

Láìpẹ́ yìí ni mo gbé kọ̀ǹpútà mi lọ sí ilé ìyá àgbà kan ní Anié níhìn-ín, láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìtàn ìdílé rẹ̀ ni ó fẹ́ sọ, ní ojúlówó èdè Ifẹ̀ wa, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana. Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ó lé díẹ̀, ó sì kọ orin sí i. Nígbà tí mo délé tí mo tẹ́tí sí i, ariwo fáànù inú kọ̀ǹpútà ni mo ń gbọ́. Ohùn ìyá jìnnà réré, bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láti òdìkejì odò.

Máìkì dáradára tí mo fi wáyà USB so mọ́ ẹ̀rọ wà níwájú ìyá ní gbogbo àkókò náà. Kọ̀ǹpútà kò fetí sí i rárá. Máìkì kékeré tí ó wà nínú ara rẹ̀ ni ó ń lò.

Linux ni kọ̀ǹpútà mi ń lò, èyí tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991 nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki. Àárín gbùngbùn rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kernel, tí Faransé ń pè ní noyau. Bí ẹ bá pè é ní èkùrọ́, ẹ kò ṣìnà. Apá tí ó ń bójú tó ohùn nínú rẹ̀ ni ALSA. Jaroslav Kysela, ọmọ ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì, ni ó dá a sílẹ̀ ní 1998, wọ́n sì gbà á wọ inú kernel ní 2002.

Káàdì ohùn kọ̀ọ̀kan, ìyẹn carte son, gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ALSA kí a tó lè lò ó. Nọ́ńbà ni wọ́n ń fún un, láti orí 0. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ti sọ nọ́ńbà tí yóò gbà, àyè tí ó ṣófo ní iwájú ni yóò bọ́ sí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni ó ni 0. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ń jí, àwọn káàdì kì í dúró de ara wọn. Ní tiwa, ẹni tí ó kọ́kọ́ jáde ni Táyé, Táyé ni yóò sì máa jẹ́ títí ayé. Lọ́dọ̀ kernel, a ń tún àwọn ìbejì náà bí ní gbogbo òwúrọ̀. Nílé mi, máìkì USB ni Táyé. Ní ilé ìyá, Kẹ́hìndé ni ó dà. Èmi sì ti pàṣẹ pé kí a gba ohùn láti ọ̀dọ̀ 0.

Ẹ wo fáìlì /proc/asound/cards: yóò fi hàn yín ẹni tí ó jókòó sí ipò wo. Lẹ́yìn náà, mo ṣí fáìlì kan ní /etc/modprobe.d, mo kọ ìlà kan péré sí i: options snd slots=snd-usb-audio. Láti ìgbà náà, àga 0 ti di ti USB, kódà bí kò bá tíì dé. Bí mo bá gbàgbé máìkì sílé, ẹ̀rọ yóò kọ̀ jálẹ̀, kò sì ní gba ohùn kankan. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sàn kí ó kọ̀ ju kí ó tàn mí lọ.

Ẹni tí ó bá ní máìkì USB méjì tí ó jọra kò tíì bọ́. Kernel lè pe ọ̀kan ní Device, kí ó pe èkejì ní Device_1, bí wọ́n ti ń dé síbẹ̀ náà ni. Ojú ihò tí a ki wáyà wọn bọ̀ ni a fi ń dá wọn mọ̀ nígbà náà. Ẹ ó rí i ní /dev/snd/by-path. Mo ti fi ọ̀dà funfun sàmì sí ihò tèmi.

Mo padà lọ bẹ ìyá. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún ìtàn náà sọ, ohùn rẹ̀ sì dún ketekete lọ́tẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n orin ọjọ́ kìn-ín-ní kò wá sí i lọ́kàn mọ́, bí ó ti wù kí n rán an létí tó. Èyí tí fáànù ń pariwo lórí rẹ̀ nìkan ni ó wà lọ́wọ́ mi.