Ẹ Jẹ́ Kí Àbúrò Sọ̀rọ̀ Nínú Agbo

Nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, gba àkóso ilé ìwòsàn Arò ní ìlú náà ní ọdún 1954, kò ti gbogbo aláìsàn ọpọlọ mọ́lé. Ó fi wọ́n wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé ìtòsí, mọ̀lẹ́bí ń tẹ̀ lé wọn lọ, àwọn aláìsàn ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ oko. Lambo fẹ́ kí àwùjọ wà lára ìwòsàn.

Láti ọdún 1983 ni Arò ti ní ẹ̀ka fún àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún. Níbi irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, jíjókòó yípo nínú agbo láti sọ tẹnu ẹni ṣe pàtàkì. Ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1935, ọ̀mùtí méjì tó ń bára wọn sọ òótọ́ ló dá ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ọ̀wọ̀ àgbà máa ń bá àwọn èèyàn wọ inú agbo.

Ẹ wo ẹni àádọ́ta ọdún tí ọtí ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó jókòó ti ọmọ ogún ọdún tó ń fa igbó. Ẹ̀gbọ́n ní òun kì í ṣe ọ̀mùtí, pé ọ̀rẹ́ ló ń fún òun mu. Ọmọ náà mọ̀ pé irọ́ ni, torí irú rẹ̀ lòun náà ń pa fún ìyá rẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n ti kọ́ ọ nílé pé ọmọdé kì í pe àgbà ní onírọ́. Bí olùdámọ̀ràn tó ń darí agbo bá dákẹ́, agbo ti bàjẹ́. Bó bá já ẹ̀gbọ́n nírọ́, ẹ̀gbọ́n ò ní padà wá. Ẹni tó mọṣẹ́ á yíjú sí ọmọ náà: “Ìwọ ńkọ́, kí lo máa ń sọ fún màmá ẹ?” Ọmọ á tú irọ́ ara rẹ̀ síta, ẹ̀gbọ́n á sì gbọ́ tirẹ̀ nínú rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni tàbùkù rẹ̀.

Olùdámọ̀ràn tún gbọ́dọ̀ dá ẹni tó ń ròyìn adùn oògùn dúró, kí ọkàn àwọn yòókù má baà fà sí i. Àṣírí ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ nínú agbo lónìí kò gbọ́dọ̀ dé ọjà Ìtòkú lọ́la.

Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó jáde ní ọdún 2019 ní bíi mílíọ̀nù 14.3 èèyàn ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà, láìka ọtí àti tábà mọ́ ọn. Arò nìkan kò lè gbà wọ́n. Kí ìjọba Ògùn kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ìjọba ìbílẹ̀ Ọdẹ́dá, Ewékorò àti Ọbáfẹ́mi-Owódé ní bí wọ́n ṣe ń darí agbo, kí òbí tó bá ń wá ìrànlọ́wọ́ lè rí ibi tó ju ilé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán lọ.