Ohun Tí Ọmọ-Ogun Rí Lójú Ọ̀nà

Nígbà tí Mósè rán ọkùnrin méjìlá lọ yẹ ilẹ̀ Kénáánì wò, ó pàṣẹ fún wọn kí wọ́n wo bí ilẹ̀ náà ti rí, bóyá àwọn ènìyàn inú rẹ̀ jẹ́ alágbára tàbí aláìlera, bóyá ó lọ́ràá tàbí ó ṣá. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ wọ́n padà dé, gbogbo ìjọ sì péjọ láti gbọ́ ìròyìn wọn. Ìròyìn náà kò dùn mọ́ wọn nínú, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ. A mẹ́nu ba ọ̀ràn yìí nítorí pé àwọn ọmọ ilẹ̀ wa pẹ̀lú ti rìn dé ilẹ̀ tí ó jìnnà ju Kénáánì lọ, wọ́n sì padà, àwa kò sì pe ìjọ jọ.

Àwọn tí ó lọ sí ogun Hítílà ni à ń wí. Àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a kó lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà, ilẹ̀ tí à ń pè ní Myanmar lónìí, tó nǹkan bí 90,000, Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti lọ. Àwọn òpìtàn ti kọ nípa ìjà tí wọ́n jà, a kò ní tún un kọ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti bá ṣọ́jà gbé mọ̀ pé ọjọ́ tí ó fi ń ṣí láti ibùdó kan dé òmíràn, tí ó fi ń dúró de ọkọ̀, tí ó fi ń rìn kiri ìlú onílùú, pọ̀ ju ọjọ́ tí ó fi ń yìnbọn lọ. Ọjọ́ wọ̀nyẹn ni a kò bèèrè.

Ẹ wo Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó wọṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní ọdún 1942, láì gba àṣẹ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. A kọ́ ọ láti máa tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́, a sì ń ṣí i kiri títí ó fi dé Íńdíà, tí ó sì ti ibẹ̀ wọ àfonífojì odò Kaladan ní Bọ́mà. Ní oṣù kẹta ọdún 1944 àwọn ọmọ-ogun Japan já lù wọ́n ní etí odò náà, ìbọn sì fọ́ ọ ní ẹsẹ̀. Òun àti ọmọ ilẹ̀ Sàró kan, David Kargbo, ni ó kù sẹ́yìn pẹ̀lú ọgbẹ́ lára. Àgbẹ̀ kan tí ó jẹ́ mùsùlùmí, Shuyiman ni orúkọ rẹ̀, bọ́ wọn, ó sì fi wọ́n pamọ́ sínú ilé rẹ̀, ó mọ̀ pé bí ọ̀tá bá rí wọn, òun àti àwọn ọmọ òun ni yóò jìyà rẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án kọjá kí ìrànlọ́wọ́ tó dé.

Isaac kọ ìtàn ara rẹ̀. Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1999. Ó fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2012. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ìwé náà, nítorí náà arúgbó Èmùrè-Ilé tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò lè mọ ohun tí ojú ọmọ àdúgbò rẹ̀ rí.

Kí ni ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀ lè bá pàdé lójú ọ̀nà? Ẹni tí kò rí omi ju odò ìlú rẹ̀ lọ rí wá wà lórí òkun fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Division 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gúnlẹ̀ sí Íńdíà ní oṣù kẹjọ ọdún 1943. Ilẹ̀ náà kún fún ọba, fún tẹ́ḿpìlì, fún ìwé tí a fi èdè onílẹ̀ kọ kí òyìnbó tó dé. Màlúù ń dùbúlẹ̀ sí àárín ìgboro, ẹnikẹ́ni kò sì lé e. Ọ̀gá òyìnbó lè fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ọ̀wọ̀ kò nílò àlàyé, nítorí ilé bàbá tirẹ̀ pẹ̀lú ní èèwọ̀. Ní àkókò náà gan-an Gandhi wà ní àhámọ́ ní Poona, ìrìn wákàtí díẹ̀ nínú rélùwéè sí Bombay, nítorí pé ó ní kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ilẹ̀ òun sílẹ̀. Ọmọ tí a ti kọ́ ní ilé ìwé pé baba gbogbo wa ni ọba Gẹ̀ẹ́sì wá dé àárín àwọn ọmọ baba kan náà tí ń wí pé ó tó gẹ́ẹ́. Mo jẹ́ olùkọ́ni. Mo mọ̀ pé kò sí ẹ̀kọ́ kan nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè tó èyí.

Àwọn tí ó kọjá ní Calcutta ní ìparí ọdún náà bá ìyàn pàdé. Àwọn ènìyàn ń kú ní ojú pópó. Ogun ti gba Bọ́mà, níbi tí ìrẹsì ti ń wá, owó oúnjẹ sì ti fò kọjá agbára tálákà. Àwọn tí ó kú ní Bengal tó mílíọ̀nù méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà a kó wọn lọ sí Chiringa, wọ́n sì la ọ̀nà tí ó tó ibùsọ̀ 75 gba orí òkè wọ àfonífojì Kaladan. West African Way ni a sọ ọ́. Orúkọ wa wà lórí ọ̀nà ní ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè fi ìka tọ́ka sí lórí àwòrán ayé.

Àwọn kan yóò wí pé ọmọdé ni wọ́n, kí ni wọn ìbá rí bí kò ṣe ọtí àti ọjà? Kí a má purọ́, àwọn mìíràn rí ọtí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ni ó wí pé ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Àwọn ọmọ wọ̀nyí dé oko náà. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi wọ́n ni bí wọ́n ti ń ro ó níbẹ̀. Èyí tí a bi wọ́n nígbà tí wọ́n padà ni pé èló ni wọ́n mú bọ̀. Àwọn bàbá ń wá ìyàwó fún wọn, àwọn mìíràn nínú àwọn ìjòyè sì ń fura sí wọn, nítorí pé wọ́n ti kọ́ láti wo òyìnbó lójú.

Àwa ìránṣẹ́ Ọlọ́run pàápàá kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Ní ìgbà èwe mi, mo máa ń rí àwọn bàbá wọ̀nyí ní ìsìn ìrántí àwọn ológun, pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ lórí agbádá. A gbàdúrà fún wọn, a fọn fèrè, a sì tú ká. Ọ̀kan jókòó nítòsí mi ní ọdún púpọ̀. N kò bi í ní ohunkóhun rí.

Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16 ní ọdún 1942 ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún nísinsìnyí. Ẹnu wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ tán. Ohun tí ó kù wà nínú àpótí: lẹ́tà, àwòrán tí a yà ní Bombay, ìwé owó oṣù ṣọ́jà. Nítorí náà a bẹ ẹ̀yin ọba àti ìjòyè pé kí ẹ ránṣẹ́ sí ìdílé gbogbo tí bàbá wọn lọ sí Bọ́mà. A sì bẹ ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé pé kí ẹ bá àwọn tí ó ni ìwé Isaac sọ̀rọ̀, kí a lè tú u sí èdè Yorùbá fún ilé ìwé wa. Kí a kó gbogbo ìwé àwọn ìdílé wá sọ́dọ̀ akọ̀wé Ẹgbẹ́ kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé. Èyí tí ikán ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹ, ẹ mú un wá bẹ́ẹ̀; àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yóò da èyí tí ó bá kù kọ.