Ọ̀RỌ̀ ÌLERA NÍNÚ ILÉ: Egbò Orí Ọmú Tí Kò Fẹ́ Jinná



Ìwé kan wà lórí tábìlì wa láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá tí a kò lè gbé tì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Arábìnrin kan ni ó kọ ọ́ nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí orí ọmú òsì ẹ̀gbọ́n yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí yún un. Ó ń pa èèpo, ó ń sun omi díẹ̀díẹ̀, ó sì ń ta á bí ẹni pé ata kàn án. Wọ́n pè é ní kúrúnà. Ó fi òrí pa á, ó fi àdín pa á, ó ra ìpara lọ́wọ́ àwọn tí ń ta oògùn. Ó rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún padà. Nígbà tí ó lọ sí ilé ìwòsàn níkẹyìn, dókítà bu díẹ̀ nínú awọ náà lọ yẹ̀ wò, ó sì sọ fún un pé jẹjẹrẹ ni. Láti ọjọ́ náà kò padà lọ mọ́, nítorí ó dá a lójú pé ọmú náà ni wọn yóò gé. Àbúrò rẹ̀ wá béèrè lọ́wọ́ wa pé: ṣé dandan ni?

Èsì wa ni pé kì í ṣe dandan fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n jíjókòó sílé ni ohun tí ó léwu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Àrùn náà ní orúkọ. Ní ọdún 1874, James Paget, oníṣẹ́-abẹ ní ilé ìwòsàn St Bartholomew ní Lọ́ńdọ́nù, kọ̀wé nípa àwọn obìnrin bí 15 tí irú egbò báyìí wà ní orí ọmú wọn. Ó ṣàkíyèsí pé kì í pé ọdún méjì, lọ́pọ̀ ìgbà kì í tilẹ̀ pé ọdún kan, lẹ́yìn egbò náà kí jẹjẹrẹ tó hàn nínú ọmú kan náà. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi orúkọ Paget pè é. Òun rò pé egbò náà ni ó ń fa jẹjẹrẹ. Lónìí, ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ gbà pé òdìkejì rẹ̀ ni: jẹjẹrẹ ti wà nísàlẹ̀, nínú àwọn ọ̀nà tóóró tí omi ọmú ń gbà kọjá, ó sì ti rìn gòkè wá sí awọ orí ọmú. Ìdí nìyí tí ìpara kan kò fi lè wò ó. Èéfín ni a ń rí lóde. Inú ilé ni iná wà.

Kò wọ́pọ̀. Nínú 100 obìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú bá mú, 1 títí dé 3 ni ó máa ń ní irú èyí, àìwọ́pọ̀ rẹ̀ sì ni ó fi ń tan ènìyàn jẹ, títí kan dókítà nígbà mìíràn. Ọmú kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń mú. Orí ọmú gan-an ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ó tó tàn dé àyíká dúdú tí ó yí i ká; àrùn awọ lásán sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àyíká dúdú náà, ó sì lè mú ọmú méjèèjì. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pupa egbò náà lè má hàn gbangba, nítorí náà èèpo, yíyún, omi, àti orí ọmú tí ó bẹ̀rẹ̀ sí rì wọlé ni kí a máa wò. Ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú lè ní egbò níbẹ̀ láti ẹnu ọmọ; kí ìyẹn má ṣe dẹ́rù bà á, nítorí a máa jinná láìpẹ́ bí ọmọ bá gba ọmú sẹ́nu dáradára. Ṣùgbọ́n egbò tí ó bá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí kò jinná, kí a gbé e tọ dókítà lọ.

Nísinsìnyí a dé orí ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ. A kò ní bá ẹ̀gbọ́n náà wí pé ó bẹ̀rù. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ní ìtàn lẹ́yìn. Ní ọdún 1894, William Halsted ti ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà tẹ ìròhìn iṣẹ́-abẹ rẹ̀ jáde: gbogbo ọmú, ẹran àyà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, àti àwọn kókó inú abíyá, gbogbo rẹ̀ ni ó ń kó kúrò. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, bí òfin ni àwọn dókítà ka èyí sí. Lára àwọn tí ó kọ́kọ́ yà kúrò lọ́nà náà ni Geoffrey Keynes, ní ilé ìwòsàn St Bartholomew kan náà tí Paget ti ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún 1920, ó bẹ̀rẹ̀ sí ki abẹ́rẹ́ tí rédíọ́mù wà nínú rẹ̀ bọ inú ọmú, kí ìtànṣán rẹ̀ lè pa jẹjẹrẹ náà níbi tí ó wà. Ní ọdún 1937 ó kọ̀wé pé àwọn tí òun tọ́jú báyìí kò ṣe burúkú ju àwọn tí a gé lọ́mú lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́.

Ẹ̀rí ńlá dé lẹ́yìn náà. Umberto Veronesi ní Milan ní ilẹ̀ Ítálì kó obìnrin 701 jọ láti ọdún 1973. Bernard Fisher àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tọ́jú 1,851 láti ọdún 1976. Bí ẹni ṣẹ́ gègé ni a ṣe pín wọn: a gé ọmú àwọn kan, ní ti àwọn mìíràn, ibi tí àrùn wà nìkan ni a yọ, a sì tan ìtànṣán sí ọmú tí ó kù. Ní ọdún 2002, lẹ́yìn 20 ọdún, àbájáde méjèèjì jáde: àwọn tí a gé lọ́mú kò pẹ́ láyé ju àwọn tí a kò gé lọ. Ṣùgbọ́n ìpín kan tún wà lọ́dọ̀ Fisher, àwọn tí a yọ kókó wọn láìtan ìtànṣán sí i. Nínú 100 wọn, bí 39 ni àrùn padà sí ọmú kan náà. Nínú 100 tí ó gba ìtànṣán, bí 14 ni. Ẹni tí ó bá gba ọ̀bẹ kékeré, tí ó sì sá fún ìtànṣán, iṣẹ́ àbọ̀ ni ó ṣe.

Ní ti àrùn Paget fúnra rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Úróòpù tí a ń pè ní EORTC tẹ ìròhìn jáde ní ọdún 2001 lórí obìnrin 61, àwọn tí jẹjẹrẹ wọn kò tí ì ya jáde kúrò nínú ọ̀nà omi ọmú. A mú orí ọmú, àyíká dúdú, àti ẹran ìsàlẹ̀ wọn kúrò, títí etí ibi tí a gé fi mọ́. A sì tan ìtànṣán sí gbogbo ọmú tí ó kù ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Títí di ọdún karùn-ún, bí 5 nínú 100 ni àrùn náà padà sí lára.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ọ̀nà yìí bá mu. Bí fọ́tò inú ọmú bá fi hàn pé àrùn ti fọ́n ká sí igun púpọ̀, tàbí bí obìnrin náà bá lóyún, tàbí bí ó bá ti gba ìtànṣán sí àyà rí, dókítà lè sọ pé gígé ni ó sàn, kí a sì gbà á gbọ́. Ohun mìíràn tún wà tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n: ilé ìwòsàn tí ó ní ẹ̀rọ ìtànṣán kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀kan nínú wọn ni ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí a ṣí ní LUTH, ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, ní ọdún 2019. Nítorí náà, kí a tó yan ọ̀bẹ kékeré, kí a béèrè ibi tí a ó ti gba ìtànṣán, iye owó rẹ̀, àti ibi tí aláìsàn yóò máa sùn. Ẹni tí kò bá ní lè rí ìtànṣán gbà, gígé ọmú lè jẹ́ ọ̀nà tí ó láàbò jù fún un.

Arábìnrin wa, ẹ bẹ ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n padà lọ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì bá wọn lọ. Bí wọ́n bá gba ìtànṣán, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọn yóò dùbúlẹ̀ sí, apá sókè, fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kì í dunni nígbà tí ó bá ń lọ lọ́wọ́. Awọ ibẹ̀ yóò dúdú sí i, ó lè bó, àárẹ̀ yóò sì mú wọn. Kí wọ́n má ṣe fi kànìnkànìn ha ibẹ̀.

Ẹ tún béèrè bóyá ìtànṣán náà yóò máa bẹ lára wọn tí wọn kò fi ní lè gbé ọmọ-ọmọ wọn. Rárá o. Ìtànṣán tí ẹ̀rọ ń tàn láti òde kì í bá ènìyàn délé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó máa gbé orí rẹ̀ lé èjìká ọ̀tún.