Ìbọn Tí Ọdẹ Yóò Gbé Kojú Ẹfọ̀n

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan náà, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Láti etíkun ni ìbọn ti kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, àwọn ọmọ Ògún mọ bí a ti ń tún un ṣe, wọ́n sì mọ bí a ti ń rọ ọ́. Ọdẹ tí ó bá fẹ́ ìbọn, àgbẹ̀dẹ ni yóò gbà lọ. Alágbẹ̀dẹ mọ oníbàárà rẹ̀: ó mọ bí apá rẹ̀ ti gùn tó, ó mọ irú ẹran tí ó ń dẹ, ó sì mọ̀ bóyá ọwọ́ òsì ni ó ń lò. Ṣakabùlà tí ó bá jáde láti inú iná bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìbọn tí a rọ fún ẹnìkan ṣoṣo, ẹni náà sì lè jẹ́ àgbẹ̀ tí kò ní ju oko iṣu kan lọ. Kò sí ẹni tí ó kà á sí fáàrí.

Ní ìlú London, bí ọ̀ràn náà ti rí yàtọ̀ pátápátá. Níbẹ̀, ìbọn tí a wọn ara ènìyàn kí a tó rọ ọ́ jẹ́ ohun ọba àti ohun olówó, nígbà tí èyí tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ń ṣe lọ́pọ̀ yanturu jẹ́ ti mẹ̀kúnnù. Ìyàtọ̀ yìí ni ó bí àríyànjiyàn kan tí kò tíì parí láàárín àwọn tí ń gba ìwé àṣẹ láti dẹ ẹfọ̀n àti àwọn ẹran eléwu mìíràn ní Tanzania, Zimbabwe, Mozambique àti Gúúsù Áfíríkà. Ṣé kí ọdẹ ra ráífù ọlọ́ta ńlá tí ilé-iṣẹ́ ṣe ni, àbí kí ó lọ bẹ àgbà oníṣẹ́-ọwọ́ kan kí ó rọ tirẹ̀ lọ́tọ̀? Owó ni wọ́n sábà máa ń sọ nípa rẹ̀, àti ẹwà, àti orúkọ. Ẹni tí wọn kì í dárúkọ ni atọpasẹ̀, ọmọ ìbílẹ̀ tí ń rìn níwájú, tí ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé ọ̀pá lásán ni ó sábà máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìbọn bá kọ̀, òun ni ẹran lè kọ́kọ́ bá. Ẹni tí ó bá fi ojú ọkùnrin yìí wo àríyànjiyàn náà yóò rí i pé ìbọn ilé-iṣẹ́ tí a ti dán wò dáadáa, tí ọwọ́ ọdẹ sì ti mọ̀ ọ́n lára, ni ó tọ́ sí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń lọ síbẹ̀. Ìyókù owó náà ní iṣẹ́ mìíràn láti ṣe.

Ẹni tí ó bá ti gbọ́ oríkì ẹfọ̀n lẹ́nu oníjàálá mọ̀ pé kì í ṣe ẹran tí a ń fi ojú kékeré wò. Ìtàn àwọn baba wa tilẹ̀ sọ pé Ọya fúnra rẹ̀ a máa gbé awọ ẹfọ̀n wọ̀. Akọ ẹfọ̀n Ìlà-Oòrùn àti Gúúsù Áfíríkà tóbi ju ti ilẹ̀ wa lọ. Ó lè wọ̀n tó kílógíráàmù 700, ìdí ìwo rẹ̀ méjèèjì sì pàdé ní iwájú orí bí àṣíborí irin. Bí ọta bá bà á níbi tí kò yẹ, kì í sábà kú lójú ẹsẹ̀. Inú igbó dídí ni yóò wọ̀, ó sì lè dúró níbẹ̀ de ẹni tí ń bọ̀. Àṣà àwọn ọdẹ kò sì gbà pé kí a fi ẹran tí a ti ṣe léṣe sílẹ̀ kí a máa lọ sílé. Wọ́n gbọ́dọ̀ tọ ẹ̀jẹ̀ náà wọ inú igbó. Ẹfọ̀n lè sáré tó ìwọ̀n kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Bí ó bá bọ́ síta láti ibi tí kò ju mítà 30 lọ, ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọdẹ ní. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì yẹn, kò sí ẹni tí yóò rántí iye tí wọ́n ra ìbọn.

Ní ti agbára, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti rí ojútùú sí i. Ní 1898 ni ilé-iṣẹ́ John Rigby ní London gbé ọta .450 jáde, tí ó fi ẹ̀tù tuntun tí kì í rú èéfín púpọ̀ rọ́pò ẹ̀tù dúdú. Ní 1911, Rigby kan náà mú .416 wá; ní 1912, Holland & Holland mú .375 wá. Winchester ti Amẹ́ríkà tẹ̀lé wọn pẹ̀lú .458 ní 1956. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ń sọ bí ọta ti nípọn tó: bí a bá pín ínǹṣì kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, .375 jẹ́ 375 nínú rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí mílímítà 9.5. Ọta .375 sábà máa ń wọ̀n tó gíráàmù 19, ti .458 sì tó 32. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí a ti ń gba àṣẹ dẹ ẹfọ̀n, .375 tàbí ohun tí ó sún mọ́ ọn ni òfin kà sí èyí tí ó kéré jù. Èyíkéyìí nínú wọn tí ó bá wọlé síbi tí ó yẹ yóò pa ẹfọ̀n. Ohun tí ó kù láti jiyàn lé lórí ni ìbọn tí yóò rán ọta náà níṣẹ́.

Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí àwọn àgbà oníṣẹ́ London ń rọ jẹ́ ohun ìyanu, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bẹnu àtẹ́ lù ú kìkì nítorí pé ó wọ́n. Bí ìbọn méjì tí a so pọ̀ ni ó rí: bí ọ̀kan bá kọ̀, èkejì wà níbẹ̀, ìka kan ṣoṣo ni ọdẹ sì nílò láti yin ẹ̀ẹ̀kejì. Iṣẹ́ tí ó le jù lára rẹ̀ ni láti mú kí ẹnu méjèèjì máa fi ọta sí ojú kan náà. Oníṣẹ́ yóò so irin méjèèjì pọ̀, yóò yin wọ́n wò, yóò yọ́ ohun tí ó so wọ́n, yóò sún ọ̀kan bí ẹni tí kò sún un, yóò sì tún yin wọ́n, títí ọta méjèèjì yóò fi máa pàdé níbi tí ó fẹ́. Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan náà nìyẹn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa gba ọdún, iye rẹ̀ lónìí sì lè ju £100,000 lọ.

Ṣùgbọ́n irú ọta kan pàtó ni oníṣẹ́ fi tún un ṣe; bí ọdẹ bá ki irú mìíràn sí i, ẹnu méjèèjì lè kọ̀yìn sí ara wọn. Ọta méjì náà ni ó sì gbà. Èyí tí ó burú jù kò sí lára ìbọn rárá, ọkàn ẹni tí ó ni ín ni ó wà. Ìbọn tí olówó rẹ̀ ń bẹ̀rù kí ẹ̀gún má ha á lára, báwo ni yóò ṣe gbé e wọ inú ẹ̀gún? Ọ̀pọ̀ irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni kì í jáde kúrò nínú àpótí àfi bí àlejò bá dé.

Ìbọn ilé-iṣẹ́ náà ní ìtàn tirẹ̀, kì í sì í ṣe ìtàn rere nìkan. Ẹlẹ́nu kan ni ó sábà máa ń jẹ́, tí ọta mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà ní ikùn rẹ̀. Ọwọ́ ni a fi ń fa irin ìdí rẹ̀ sẹ́yìn kí ó lè ju èèpo ọta sílẹ̀, ọwọ́ náà ni a sì fi ń tì í padà kí ó lè ti ọta tuntun wọlé. Paul Mauser, ará Jámánì, ni ó ṣe èyí tí gbogbo ayé ń wò kọ́ṣe. Ìbọn ológun ni, ọdún 1898 ni ó sì jáde. Ìkọ́ gígùn kan wà lára rẹ̀ tí ń di ìdí ọta mú láti ìgbà tí ó bá ti kúrò ní ikùn ìbọn títí a ó fi ju èèpo rẹ̀ nù, ì báà jẹ́ pé ọdẹ dojú ìbọn dé tàbí ó ń ṣubú lọ. Irú ìkọ́ bẹ́ẹ̀ wà lára Model 70 ti Winchester níbẹ̀rẹ̀. Ní 1964, ilé-iṣẹ́ náà yọ ọ́ kúrò kí iṣẹ́ lè yá, kí owó sì lè dínkù. Àwọn ọdẹ fajú ro, wọ́n sì ń wá èyí tí a ti ṣe ṣáájú ọdún náà rà. Ó di àwọn ọdún 1990 kí ìkọ́ náà tó padà wá. Ibi tí ojú òǹrajà kò tó ni ilé-iṣẹ́ máa ń fẹ́ gé owó kúrò. Ọta .458 náà ní àbùkù níbẹ̀rẹ̀: èèpo rẹ̀ kúrú, ẹ̀tù inú rẹ̀ fún pọ̀ jù, nígbà mìíràn yóò dì, ọta yóò sì jáde bí ẹni tí kò jẹun. Wọ́n ti ṣe àtúnṣe sí i, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà níwájú ẹfọ̀n nígbà náà kò ní àǹfààní àtúnṣe.

Nítorí náà, ẹni tí ó ní kí ọdẹ ra ìbọn ilé-iṣẹ́ kò sọ pé kí ó gbà á lọ́jà kí ó gbà á lọ sígbó. Kí ó kọ́kọ́ fi irú ọta tí yóò gbé lọ gan-an dán an wò. Kí ó kó ọta kún ikùn rẹ̀, kí ó sì fi ipá fà á títí yóò fi tán, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹwàá. Èyí tí ó bá há nílé yóò há lóko. Lẹ́yìn náà, kí ó gbé e tọ oníṣẹ́ kan lọ, kí ó dán ibi tí ó ń há, kí ó sì gé igi ìdí rẹ̀ mọ́ gígùn apá ẹni tí yóò lò ó. Ibí yìí gan-an ni alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa ti borí láti ọjọ́ pípẹ́. Ìbọn tí ó bá ara mu máa ń fò dé èjìká fúnra rẹ̀, ojú ọdẹ yóò sì ti wà níbi tí ó yẹ kí ó wà. Iṣẹ́ yìí kò gba £100,000. Ìwọ̀nba owó díẹ̀ àti oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ ni ó ń fẹ́.

Àwọn kan yóò mú ìtàn W. D. M. Bell wá, ará Scotland tí ó pa erin tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, tí ó sì jẹ́ pé ìbọn ọlọ́ta mílímítà 7 ni ó fi pa púpọ̀ nínú wọn. Òtítọ́ ni, bí ọkàn ènìyàn òde òní kò tilẹ̀ lè gbọ́ iye erin yẹn láìbanújẹ́. Ṣùgbọ́n Bell a máa la agbárí erin láti mọ ibi tí ọpọlọ wà gan-an, ọdẹ sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ń fi ọ̀sẹ̀ méjì nínú ọdún ṣe ọdẹ kò lè fi Bell ṣe àwíjàre, òfin kò sì ní gbà fún un. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni pé ibi tí ọta wọlé sí ju bí ọta ti tóbi tó lọ. Ìbọn ọlọ́ta ńlá a máa gbá èjìká gidigidi. Ọkùnrin tí ó bá ra èyí tí ó ju agbára rẹ̀ lọ yóò ti dijú kí ó tó yìn ín, yóò sì ṣe ẹran léṣe lásán. Tálákà atọpasẹ̀ ni yóò san gbèsè yẹn. .375 tí ènìyàn lè yìn láìdijú sàn ju .470 tí ó ń bẹ̀rù lọ. Owó tí ìbá fi rọ ìbọn tuntun, kí ó fi ra ọta, kí ó fi kọ́ bí a ti ń yìnbọn lórí ìdúró, kíákíá, nígbà tí àyà ń já.

Àwọn kan wà tí ìbọn tí a rọ fún ẹni tọ́ sí ní tòótọ́. Alọ́wọ́-òsì sábà máa ń rí ìyà nídìí ìbọn ọjà. Ẹni tí ó ga kọjá ààlà tàbí tí apá rẹ̀ kúrú gan-an náà wà níbẹ̀. Amọ̀nà tí iṣẹ́ rẹ̀ ojoojúmọ́ jẹ́ láti dá ẹran tí àlejò ti ṣe léṣe dúró lè fẹ́ ẹlẹ́nu méjì, kò sì sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ irú àwọn amọ̀nà yìí jẹ́ pé ìbọn ilé-iṣẹ́ àtijọ́ tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí ni wọ́n ń gbé. Ní ti ẹni tí ó fẹ́ ohun tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò jogún, kí ó rọ ọ́, kí ó fín ọnà sí i. Ìfẹ́ ọnà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí ó ṣáà má pè é ní ìmúrasílẹ̀ fún ẹfọ̀n.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìpè sí igbó erin. Kenya ti fòpin sí irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ láti 1977. Àwọn erin díẹ̀ tí ó kù ní ilẹ̀ Yorùbá, bí àwọn ti igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, wà lábẹ́ ààbò òfin. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan náà wà nílé ní ìwọ̀n kékeré. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ya ṣakabùlà sọ́tọ̀ kúrò lára ìbọn ìgbàlódé, ó sì béèrè ìwé àṣẹ fún un. Kò sí òfin tí ó lè fi ojú wo inú irin. Ìbọn tí a fi páìpù omi rọ lè bẹ́ mọ́ ọdẹ lójú, ì báà jẹ́ pé alágbẹ̀dẹ tí ó rọ ọ́ jẹ́ ọmọ bíbí inú Ògún. Ìyìn tí ó tọ́ sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa kò yẹ kí ó di ìdí tí a kò fi ní í dán ìbọn wò.

Ní àgọ́ àwọn ọdẹ ní Ìlà-Oòrùn àti Gúúsù Áfíríkà, àṣà kan wà tí wọn kì í sábà fojú fò. Kí wọ́n tó wọ igbó, amọ̀nà yóò lẹ ìwé mọ́ igi tàbí páálí, yóò sì ní kí àlejò yin ìbọn rẹ̀ sí i. Wọ́n ní nítorí pé ìrìn àjò lè ti yí ìfojúsùn ìbọn padà ni. Àwọn atọpasẹ̀ a máa dúró lẹ́yìn, wọ́n á káwọ́ gbera, wọn kò ní sọ̀rọ̀. Wọn kì í wo irú igi tí a fi ṣe ìdí ìbọn tàbí ọnà tí a fín sí i. Ojú àlejò ni wọ́n ń wò, bóyá ó dijú.