Kí A Tó Sin Òkú Òjijì

 

Arábìnrin kan ní Agric, ní Ìkòròdú, bi mí ní ìbéèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àbúrò ọkọ rẹ̀ gba abẹ́rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn ní ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tó fi kú. Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n sì ti sin ín. Nígbà tí ìyá yìí ní kí ọlọ́pàá gbọ́, àwọn àgbà ilé pa á lẹ́nu mọ́: “Ìyàwó, ṣé o fẹ́ kí wọ́n gé òkú ọmọ wa ni?” Ó ní, ṣé òun ṣẹ̀?

Kò ṣẹ̀ rárá. Láti 2007 ni òfin ti wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó pé bí ikú bá jẹ́ òjijì tí a kò mọ ìdí rẹ̀, tàbí tí ó bá ti ọwọ́ ìwà ipá wá, tàbí tí ènìyàn kú sí àtìmọ́lé, ẹni tó bá mọ̀ gbọ́dọ̀ fi tó ọlọ́pàá tàbí kọ́rónà létí. (Kì í ṣe kọ́rónà àrùn ọdún 2020 ni mò ń wí o!) Májísíréètì ni kọ́rónà. Ohun tó ń wá ni pé: ta ni òkú yìí, níbo ló kú sí, nígbà wo, kí ló sì pa á? Kì í rán ẹnikẹ́ni lẹ́wọ̀n nítorí ikú náà, ṣùgbọ́n ó lè ní kí ìjọba gbé ẹnìkan lọ sí kóòtù. Ó sì lè gba ẹni tí aráyé ń nàka sí sílẹ̀. Ní Ẹ̀pẹ́, kọ́rónà wádìí ikú ọmọ ilé-ìwé kan tó kú ní 2021. Ariwo ti pọ̀ pé wọ́n lù ú ni, ṣùgbọ́n ní 2024 kọ́rónà ní àìsàn ló pa á.

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú kò ní gbàgbé ọ̀rọ̀ MohBad, olórin ẹni ọdún 27. Ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án 2023 ló kú, ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín. Ariwo ta, ọlọ́pàá sì hú òkú rẹ̀ ní ọjọ́ 21. Ọjọ́ mẹ́jọ nínú ilẹ̀! Nígbà tí dókítà tó yẹ òkú wò dé iwájú kọ́rónà, Májísíréètì Adédayọ̀ Ṣótóbi, ní kóòtù Candide-Johnson ní Ìta-Elewa, ó ní òkú ti bàjẹ́ débi pé òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà ohun tó pa á. Ó di ọjọ́ 11 oṣù keje 2025 kí kọ́rónà tó parí iṣẹ́. Ó ní kí wọ́n gbé nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ lọ sí kóòtù, síbẹ̀ ohun tó pa á gan-an kò yéni tán.

Mo mọ̀ pé ẹ̀sìn wa fẹ́ kí á tètè sin òkú. Ṣùgbọ́n ní 1976, Ìgbìmọ̀ Àgbà Onímọ̀ ti Sáúdí gbà pé a lè yẹ òkú wò nítorí ẹ̀sùn ọ̀daràn. Dókítà yóò rán ibi tó là, ẹ ó gba òkú yín, ẹ ó wẹ̀ ẹ́, ẹ ó wọ̀ ọ́ láṣọ funfun.

Ìyá Agric, kò tíì bọ́. Kọ́rónà lè ní kí wọ́n hú òkú. Ẹ kó ìwé olóògùn náà àti ìgò abẹ́rẹ́ bó bá ṣì wà, ẹ má fọ̀ ọ́. Kí ọkọ yín bá yín lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ má dá lọ.