Ẹ̀kọ́ Kejì Wo Ni Ọmọ Tí Ó Ń Kọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Yóò Yàn?

Lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìdánwò BAC, àwọn ọmọ kan a máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga láti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Òmíràn a lọ sí EPAC ní Abomey-Calavi, òmíràn a lọ sí UNSTIM ní Abomey. Ọdún márùn-ún ni ọmọ ń lò kí ó tó di ẹnjiníà. Inú wa a dùn, a ó sì máa wá owó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi wọ́n: ìmọ̀ wo ni wọn yóò fi kún ìmọ̀ ẹ̀rọ náà?

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni ó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láàyè láti ní ẹ̀kọ́ ńlá kan àti ẹ̀kọ́ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ́ ẹ̀rọ lè fi orin kún un, tàbí ìṣòwò, tàbí èdè. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ètò náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òǹkà ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní kíréditì. 30 ni akẹ́kọ̀ọ́ ní láti kó jọ ní ìdajì ọdún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ilé ẹ̀kọ́ ni ó sì ń yan púpọ̀ jùlọ nínú ohun tí yóò kọ́. Nítorí náà, ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò wá ẹ̀kọ́ kejì, ní àkókò ìsinmi, ní ibi ìkọ́ṣẹ́, tàbí lọ́dọ̀ olùkọ́ tí ó bá gbà á láàyè láti jókòó sí kíláàsì rẹ̀.

Bí a bá bi àwọn ọmọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ yóò dárúkọ, tàbí kọ̀ǹpútà. N kò bá wọn jà. Gẹ̀ẹ́sì wúlò, pàápàá fún àwa tí ààlà Nàìjíríà kò jìnnà sí. Ní ti kọ̀ǹpútà, ó ti wà nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí ọmọ Alafiarou fi ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ kún ìmọ̀ ẹ̀rọ, kí ó sì kọ́ ọ dáadáa, bí ẹni tí kò dé oko rí.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè bí àwọn kan nínú. Bàbá tí ó ta iṣu àti kajú kí ọmọ rẹ̀ lè kúrò nídìí ọkọ́, ṣé a óò tún ní kí ọmọ náà padà síbẹ̀? Rárá o. Ẹ jẹ́ kí a wo kajú yẹn gan-an.

Ìjọba pinnu pé láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2024, kajú tí a kò tíì pa èèpo rẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní ilẹ̀ Benin mọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe kajú wà ní Glo-Djigbé, wọ́n sì nílò ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò rọrùn. Èèpo kajú ní òróró tí ń jó awọ ara. Kajú kan tóbi ju èkejì lọ. Èyí tí a sá dáadáa yàtọ̀ sí èyí tí òjò pa. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fọ́ èèpo láìfọ́ ọmọ inú rẹ̀, nítorí pé ọmọ kajú funfun tí ó pé odindi ni owó rẹ̀ ga jù. Èyí tí ó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́, owó rẹ̀ já wálẹ̀. Ẹnjiníà tí kò mọ èyí lè ṣe ẹ̀rọ tí ń yára bí àṣá, kí inú rẹ̀ sì máa dùn, nígbà tí ẹni tí ó ra ẹ̀rọ náà ń pàdánù.

Iṣu ńkọ́? Iṣu kì í kú lọ́jọ́ tí a wà á. Ó ń mí nínú àká, bí ó sì ti ń mí ni ó ń mú ooru jáde. Bí ooru náà kò bá rí ọ̀nà lọ, iṣu á jẹrà. Mo lè fojú inú rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí yóò fi sìmẹ́ǹtì kọ́ àká tí kò ní fèrèsé, tí yóò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pinpin nítorí olè àti eku. Àká náà yóò lẹ́wà. Ìyá àgbà tí kò ka ìwé kankan ni yóò kọ́kọ́ gbóòórùn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ rere wà nítòsí wa. Àlùfáà Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, ni ó dá Songhai sílẹ̀ ní Porto-Novo ní ọdún 1985. Ó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́, ó sì tún kọ́ ìmọ̀ nípa àwọn ohun alààyè kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Ní Songhai, ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná, ohun tí ó kù ń di ajílẹ̀, pàǹtírí ń bí ìdin, ìdin sì ń di oúnjẹ ẹja. Ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ nìkan yóò rí ìdọ̀tí tí ó yẹ kí a kó dànù. Songhai ní ẹ̀ka ní Parakou, ẹni tí ó bá fẹ́ lè lọ wò ó. Ní Parakou kan náà, yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní 2001 ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ìṣirò owó ni ó dára jù. Ó dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n a lè gba oníṣirò síṣẹ́. Ohun kan ni ó ń bà mí lẹ́rù: kí ẹ̀kọ́ kejì má ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Ọmọ tí ìṣirò ọdún kìn-ín-ní bá ń dà láàmú, kí ó fi tọ̀hún sílẹ̀ ná. Ọdún kẹta tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kọ, ẹ lè ràn án lọ́wọ́ láti ìsinsìnyí. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ iye iṣu tí ẹ kó sí àká, iye tí ó jẹrà ní oṣù kọ̀ọ̀kan, àti ọjọ́ tí òjò ká kajú yín mọ́ ibi tí ẹ sá a sí. Bí ọmọ bá dé fún ìsinmi ní ìgbà iṣu titun, ẹ gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe sí i.