Mẹ́nù Gígùn Ló Ń Ba Ilé Oúnjẹ Jẹ́

Ilé oúnjẹ tó bá ń ta ohun gbogbo kò lè dára, bó ti wù kí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ tutù tó, bó ti wù kí owó rẹ̀ wọ́n tó. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn, mi ò sì ní yẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dá ibi ìjẹun olówó gọbọi sílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá lónìí gbà pé ohun tó ń fi ọlá hàn ni kí oníbàárà ṣí mẹ́nù kó má tètè rí ìparí rẹ̀: ìrẹsì lóríṣiríṣi, gbogbo ọbẹ̀ tí ìyá ẹnikẹ́ni sè rí, pizza, shawarma, oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà, ẹja yíyan, súyà náà ò gbẹ́yìn. Mo ní rárá. Mẹ́nù yẹn gan-an ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ pé alásè ibẹ̀ kò ní ohun kan tó mọ̀ dunjú.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ, kó gba Sábó kọjá ní Ilé-Ifẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Àdúgbò tí àwọn Hausa fi ṣe ilé nínú ìlú náà ni, súyà sì wà lára ohun tí ń mú èèyàn yà síbẹ̀. Onísúyà kò ní mẹ́nù. Ẹran màlúù ló ń ta, bóyá pẹ̀lú kídìnrín tàbí ẹ̀dọ̀, ó parí. Ẹran ti ti odò ẹran dé láàárọ̀. Ó yan ibi tó rọ̀, ó yọ iṣan kúrò, ó là á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí iná lè wọ inú rẹ̀ kí ara rẹ̀ tó gbẹ. Yájì tó fi pa á lára, ìmọ̀ ńlá ni: kúlíkúlí gígún, ata gbígbẹ, atalẹ̀, kànáfùrú, iyọ̀. Kúlíkúlí yẹn ní láti jẹ́ èyí tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ kúrò dáadáa. Bí òróró bá ṣẹ́kù sínú rẹ̀ púpọ̀, ńṣe ni yóò máa dì mọ́ra, kò ní tẹ́ sára ẹran bó ti yẹ. Òróró ẹ̀pà ń bọ̀ lẹ́yìn, lójú iná, nígbà tí ẹran bá béèrè fún un. Onísúyà tó mọ iṣẹ́ kì í sì í fi ẹran sínú ọwọ́ iná tó ń jó geere. Ògúnná ló fi ń yan án, ojú rẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀. Ohun kan náà ni ọwọ́ yẹn ń ṣe lálaalẹ́, láti ọdún dé ọdún.

Nígbà tó bá ní súyà ti tán, ẹ mọ̀ pé ẹran àárọ̀ ló tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá jókòó sílé oúnjẹ ńlá, tí wọ́n ní èyí tí ẹ béèrè kò sí, tí èkejì náà kò sí, tí wọ́n wá rọ̀ yín pé kí ẹ kúkú mú ìrẹsì, mẹ́nù tó wà lọ́wọ́ yín ti purọ́ fún yín kí oúnjẹ tó dé rárá.

Ohun tó sì wà nílé ìdáná irú ilé bẹ́ẹ̀ burú ju irọ́ lọ. Ẹni tó bá ṣèlérí ọgọ́ta oúnjẹ gbọ́dọ̀ ní ẹran, ẹja, edé àti adìẹ tí kò mọ ọjọ́ tí wọn yóò béèrè wọn. Fíríísà ló máa kó gbogbo rẹ̀ sí. Ní orílẹ̀-èdè wa yìí! Iná lọ, ẹran yọ́. Iná dé, ẹran tún dì. Omi inú ẹran tó di yìnyín a máa fa iṣan ẹran ya, nígbà tó bá sì yọ́, omi tó yẹ kó mú ẹran rọ̀ lẹ́nu ti ṣàn sílẹ̀. Kò sí ata tàbí mágí tó lè dá a padà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ìjọba gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn ìpele àwọn tí iná ń dé ọ̀dọ̀ wọn jù lọ, láti nǹkan bíi ₦68 lọ sí ₦225 lórí ìwọ̀n kan. Ẹni tí kò sí nínú Band A ń da epo dísẹ́lì sínú jẹnẹrétọ̀. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ owó tó yẹ kó pa ọbẹ̀, fíríísà ló ń jẹ ẹ́ mọ́ alásè àti àgbẹ̀ lọ́wọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí mẹ́nù kúkúrú lè ṣe, ẹ wo àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Iré Hassan-Odukale àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jeremy Chan ṣí ilé oúnjẹ Ikoyi níbẹ̀ ní 2017. Ó gba ìràwọ̀ kan ní 2018 lọ́wọ́ Michelin, ìwé atọ́nà tó ń díwọ̀n ilé oúnjẹ, ó gba ìkejì ní 2022. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, Akoko tí Aji Akokomi dá sílẹ̀ gba tirẹ̀, Chishuru ti Adéjọkẹ́ Bakare náà sì gba tirẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Bakare yìí, tó dàgbà ní Kàdúná, ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ ní Bìrìtéènì tí ilé oúnjẹ tó ń darí gba ìràwọ̀ náà. Èkuru ló gbé fún àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù, àti sinasir, tó jẹ́ ìbátan màsà tí àwọn Hausa ń dín. Kò sí ọ̀kankan nínú ilé mẹ́ta wọ̀nyí tó ń ta ohun gbogbo. Alásè ti to oúnjẹ díẹ̀ tẹ̀ léra, àṣàyàn tó kù fún àlejò kò tó nǹkan. Ìràwọ̀ náà, tó ti wà láti 1926, orí ohun tó wà nínú àwo nìkan ni wọ́n ń gbé e kà. Wọn kì í fún àga tàbí kápẹ́ẹ̀tì ní ìràwọ̀. Àwọn ará Faransé tó sọ oúnjẹ olówó di iṣẹ́ ìgbéraga pàápàá ti jà lórí ọ̀rọ̀ yìí: nígbà tí Henri Gault, òǹkọ̀wé nípa oúnjẹ, kọ òfin mẹ́wàá fún àwọn alásè ní 1973, kí wọ́n dín mẹ́nù kù wà lára rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá rò pé onísúyà kò tó ẹni tí à ń fi wé àwọn wọ̀nyẹn, kó bi ará Singapore. Ní 2016, Chan Hon Meng, tó ń ta adìẹ tí wọ́n sè nínú omi sóyà pẹ̀lú ìrẹsì ní ìsọ̀ kékeré nínú ọjà, gba ìràwọ̀ Michelin. Adìẹ kan náà ló ti ń sè bọ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún.

Wọ́n á sọ fún mi pé ẹbí ẹlẹ́ni márùn-ún ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan, pé bàbá fẹ́ àmàlà, ọmọ fẹ́ ìrẹsì, àlejò láti ìlú òkèèrè kì í jẹ ata. Èsì mi ni pé ta ló kọ́ wa pé báyìí ni a ṣe ń gba àlejò? Nínú ilé Yorùbá tó mọ ọlá, a kì í ka ogún oúnjẹ létí àlejò kó mú ọ̀kan. Ìyá ilé á sè èyí tí ọwọ́ rẹ̀ dá jù lọ, á gbé e wá, á sì fi ẹran tó dára jù sí i. A lè béèrè bóyá ohun kan wà tí kò bá ara àlejò mu, ìyẹn tọ́, ó tiẹ̀ pọn dandan. Ẹni tó bá fẹ́ pizza lọ́jọ́ yẹn, ibi tí wọ́n ti ń ṣe pizza ni kó lọ. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo, ilé oúnjẹ wa sì ń lé ọgọ́ta.

Wọ́n tún lè sọ pé eruku ń fẹ́ sí súyà lójú títì, pé bébà ìròyìn ni wọ́n fi ń dì í. Òótọ́ ni, mi ò gbè é lẹ́yìn. Ìmọ́tótó, omi ìfọwọ́, àga tó gba ìdí, ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá tó sì ti tọ́ gbogbo rẹ̀ wò, gbèsè tí ilé oúnjẹ jẹ oníbàárà ni gbogbo ìyẹn. Kó san án, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ dídára.

Ohun tí mò ń bi àwọn olówó Ilé-Ifẹ̀ nìyí: níbo ni ilé oúnjẹ ńlá tó ń gún iyán nìkan wà? Ìlú tó mọ iyán, a ń fi ìyẹ̀fun poundo bọ́ àlejò rẹ̀ nínú àwo tíńtínrín, nítorí ẹni tó ń ta ọgọ́ta oúnjẹ kò ráyè odó. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ra iṣu lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan náà, kó mọ̀ pé iṣu tuntun àti iṣu tó ti pẹ́ nílẹ̀ kì í gba omi kan náà lójú odó, kó má ki ọmọ odó bọ̀ ọ́ àfi tí oníbàárà bá ti jókòó. Ọbẹ̀ mẹ́ta péré: ẹ̀gúsí, ẹ̀fọ́ rírò, àti èyí tí ìgbà bá mú wá. Kó san owó tó jọjú fún àwọn tó ń gún un. Kó gbowó ńlá lórí àwo kan, kó sì ti ilẹ̀kùn nígbà tí iṣu ọjọ́ náà bá tán.